Àwọn Dísìkì Tí Bàbá Yàhàyá Sá Sóòrùn

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ọmọbìnrin yìí jẹ́, kí ẹ má baà sọ pé mi ò kìlọ̀ fún yín. Sàdíátù lorúkọ ẹ̀, ọmọ Yàhàyá àgbẹ̀ oníṣu ní Kambolé, nílẹ̀ Tógò. Bí inú bá ń bí i, kì í pariwo. Ṣe ló máa ń rọra sọ̀rọ̀, á máa ka ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n á ti wá nǹkan míì ṣe. Lọ́dún 1979, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá ẹ̀ obìnrin, Tàǹtí Hàwáù, ló ń gbé ní Sókódé, tó ń bá a ta aṣọ lọ́jà. Ohun tó sì fẹ́ràn jù láyé ni dísìkì rọ́ọ̀kì, àwọn kéékèèké tó jẹ́ pé orin kan ló wà lójú kan, òmíràn lójú kejì.

Ilé ọtí kan ló wà lẹ́yìn ògiri ilé wọn tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni Sàdíátù ti ń gbọ́ gìtá tó ń ké bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, kò sì gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìbínú tó wà nínú ẹ̀. Nígbà tí onílé ọtí kó lọ, àwọn dísìkì ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Kótókólì kan tó ń ta aṣọ òkú òyìnbó. Sàdíátù rí ọ̀kan lórí ẹní ọkùnrin náà: obìnrin ni wọ́n yà sára ìwé tí wọ́n fi dì í, ó gbé gìtá dání bí ẹni tó fẹ́ fi roko, ojú ẹ̀ le. Sàdíátù rà á. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó ra méjì sí i. Nígbà tó fi máa pẹ́ díẹ̀, àpótí igi kan ti kún.

Kò sì ní ẹ̀rọ o! Àpótí kún fún orin, ilé dákẹ́. Tàǹtí Hàwáù á wò ó, á mi orí. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ ni wọ́n ń pè ní ẹni tó ra gàárì láìní ẹṣin."

Ní ọjọ́ kan, ó lọ ya fọ́tò káàtì ìdánimọ̀ nílé onífọ́tò kan tí kò jìnnà sí ọjà. Yorùbá ni àwọn onílé náà, mùsùlùmí ni wọ́n, Kambolé ni bàbá bàbá wọn ti wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ti di ọkọ́ mú. Àlíù, ọmọ onífọ́tò, ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Níwájú aṣọ tí wọ́n ya òkun àti ọ̀pẹ sí, tábìlì kékeré kan wà, ẹ̀rọ dísìkì sì wà lórí ẹ̀, ó ń dán.

Sàdíátù gbàgbé káàtì. "Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó ń kọrin?"

"Rárá, fún fọ́tò ni," Àlíù dáhùn. "Àwọn èèyàn máa ń gbé ọwọ́ lé e, kí wọ́n lè jọ ẹni tó lajú."

"Ó bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. A ò ní dísìkì ni."

Ohùn Sàdíátù lọ sílẹ̀. "Ẹ ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé. Ṣé ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run ni?"

Àlíù rẹ́rìn-ín. Ó ṣì í ṣe. Ojú tí Sàdíátù fi wò ó ní ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ̀rọ fọ́tò mú, òun ló sì wà lára káàtì ẹ̀ títí dòní. Nígbà tó padà wá gba àwọn fọ́tò náà, mẹ́ta ló bá nínú àpò ìwé.

"Mẹ́rin lẹ máa ń fún èèyàn," ó ní. "Ìkẹrin dà?"

"Ó wà lápò mi," Àlíù dáhùn, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ gbé dísìkì kan wá."

Ẹ ò rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀! Sàdíátù bínú délé, ó bínú sùn, nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó mú obìnrin onígìtá náà láti inú àpótí, ó fi ìborùn wé e, ó lọ.

Dísìkì náà kò jókòó. Irú tí wọ́n ń lò nílé ọtí ni, ihò àárín ẹ̀ tóbi ju ti ẹ̀rọ lọ, ó ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń yẹ̀ sósì. Ọkàn Sàdíátù bàjẹ́. Àlíù dìde. Ó wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, ó mú àfọ́kù igbá, ó fi ọ̀bẹ gé e róbótó, ó lu ihò kékeré sí i láàárín, ó há a sínú ihò dísìkì náà. Ó gbé abẹ́rẹ́ lé e. Gìtá ké. Sàdíátù, tí kò tíì gbọ́ orin yẹn rí láìsí ògiri láàárín, fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, omi bọ́ lójú ẹ̀, inú sì bí i pé ọmọkùnrin náà rí i.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn àsárì, bàbá onífọ́tò nínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, ilẹ̀kùn ìta ní ṣíṣí kí àdúgbò má baà rí ohun sọ, dísìkì lórí ẹ̀rọ, igbá kékeré nínú ihò. Wọn a máa jiyàn lórí orin, wọn a máa jà, wọn a tún gbọ́ ọ. Ìfẹ́ ọmọkùnrin náà wọ Sàdíátù lára débi pé bí Ọjọ́rú bá ti dé, kò lè jẹun dáadáa. Nígbà tí Àlíù wá sọ pé, "Sàdíátù, mo fẹ́ kí o jẹ́ ìyàwó mi," èsì tó fún un ni pé, "Kí lo ti ń dúró dè láti ọjọ́ yìí?"

Lẹ́yìn ọdún àwẹ̀ 1980, Tàǹtí Hàwáù mú obì, ó mú Sàdíátù, wọ́n gba ọ̀nà Tchamba lọ sí Kambolé. Ẹnu Tàǹtí dùn, kò sí aṣọ tí kò lè tà. Ṣùgbọ́n Yàhàyá kò fọwọ́ kan obì náà.

"Ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ orin," ó ní. "Ọmọkùnrin tí kò mọ ebè kọ. Hàwáù, ṣé aṣọ lo wá tà fún mi ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọlúàbí ni. Ó ń kírun."

"Àwọn tó ń jó náà ń kírun." Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀, ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀, bí gbogbo èèyàn ṣe ń rẹ ohùn sílẹ̀ láyé ìgbà náà bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn tó wà lókè. "Èṣín, wọ́n wá kó àwọn ọmọbìnrin tó mọ orin àti ijó lọ sí ijó ìjọba tí wọ́n ń pè ní ànímásíọ̀n, kí wọ́n máa jó níwájú àwọn ọ̀gá. Ọmọ Sàúdátù, aládùúgbò wa, wà nínú wọn. Ìwọ náà rí ohun tó gbé padà wálé nínú ikùn. Ta ló dá a lóhùn? Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó."

"Bàbá, kì í ṣe dísìkì ló mú un lọ. Ọkọ̀ ló wá gbé e."

Ìyá ẹ̀, Jàríátù, fa ìborùn ẹ̀ láti ẹ̀yìn: dákẹ́. Kò dákẹ́.

Yàhàyá wo obì náà. "Ó dáa. Kí ọmọkùnrin yẹn wá bá mi kọ ebè, kí n wò ó. Kí ìwọ náà gbé àpótí dísìkì ẹ wá síbí, kí n wò ọ́. Bí a bá kọ ebè tán, tí a sá iṣu èlùbọ́ tán, tí o bá ṣì wà láàyè láìsí wọn, màá gbọ́ ohun tí Hàwáù ní í sọ."

"Ẹ máa fọ́ wọn ni," Sàdíátù wí jẹ́jẹ́.

Háà! Yàhàyá dìde dúró. "Èmi? Ọmọ tí mo bí ló ń pè mí ní ẹni tó ń ba ohun olóhun jẹ́? Wallahi, àmánà ni wọ́n lọ́wọ́ mi. Hàwáù, o gbọ́. Jàríátù, o gbọ́. Bí ohunkóhun bá ṣe wọ́n lọ́wọ́ mi, kó béèrè ohun tó bá wù ú, màá fún un."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyin lohùn o," Tàǹtí Hàwáù sọ.

"Mo mọ̀ pé ẹyin ni. Mo ti sọ ọ́."

Sàdíátù gbé àpótí náà wá lọ́sẹ̀ kejì. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e kalẹ̀ nínú abà iṣu bàbá ẹ̀, ó sì bínú gbogbo ọ̀nà padà sí Sókódé. Kí ló dé tó jẹ́ pé ohun tó dùn mọ́ òun nìkan ni wọ́n ní kóun fi sílẹ̀? Bí òun bá fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀ ńkọ́? Òjò rọ̀ títí lọ́dún náà, abà tutù.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, Àlíù lọ kọ ebè. Sàdíátù wálé láti máa gbé omi lọ sóko fún wọn. Ọmọkùnrin náà ò mọ̀ ọ́n kọ lóòótọ́. Yàhàyá dúró lórí ebè àkọ́kọ́, ó wò ó. "Èyí, ṣé òkété lo kọ́lé fún?" Àwọn tó wà lóko rẹ́rìn-ín. Àlíù náà rẹ́rìn-ín, ó tú u, ó tún un kọ. Àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ bó, ó fi àkísà wé e, ó ń kọ ọ́ lọ, kò dúró títí tí àwọn tó kù fi dúró. Sàdíátù ń wò wọ́n láti abẹ́ igi, inú ń bí i sí bàbá ẹ̀, inú ń bí i sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Àlíù máa padà, Yàhàyá fún Jàríátù ní òrí nínú ewé. "Gbé e fún ọmọ yẹn, kó fi pa ọwọ́."

Ọyẹ́ dé. Nínú oṣù Disẹ́ńbà, Tàǹtí Hàwáù kó aṣọ lọ tà lọ́jà Tchamba, Sàdíátù tẹ̀ lé e, Àlíù náà gbé ẹ̀rọ fọ́tò wá nítorí àwọn tó ń ya fọ́tò káàtì. Ibẹ̀ ni Sèínábù, àbúrò Sàdíátù, ti gbé iṣu sọ̀ kalẹ̀ níwájú wọn, tó nu òógùn, tó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ewúrẹ́ bí:

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá sá àwọn dísìkì yín sóòrùn. Gbogbo wọn ló ti ká kò."

"Níbo?"

"Lórí àpáta. Láàárín iṣu èlùbọ́."

Sàdíátù ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó tún un ká, ó gbé e kalẹ̀. Tàǹtí Hàwáù rí bó ṣe ń ká a, ó pe Àlíù.

"Ó búra," Sàdíátù wí, nígbà tí Àlíù dé. "Ó ní bí ohunkóhun bá ṣe wọ́n, kí n béèrè ohun tó bá wù mí. Ó fẹ́ fi oòrùn ṣe ohun tí kò lè fi ọwọ́ ṣe. Ó dáa. Mò ń lọ béèrè ẹ báyìí. Níwájú gbogbo ilé. Á fún mi, á sì dùn ún dé egungun."

Ó rò pé Àlíù á yọ̀. Àlíù wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ méjèèjì. "Má béèrè mi."

"Kí lo wí?"

"Mo ní má béèrè mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí san ìtanràn. Ebè tí mo kọ, mo kọ ọ́ kí bàbá ẹ lè fi ẹnu ara ẹ̀ sọ pé kí n máa bọ̀. Bó bá jẹ́ ìbúra ló fi mí fún ẹ, nígbàkígbà tí mo bá wọlé ẹ̀, ohun tó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ló máa rí."

"Nítorí náà, ìwọ náà ti dara pọ̀ mọ́ wọn."

"Sàdíátù..."

"Dísìkì mi ni! Èmi ni mo rà wọ́n, èmi ni wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, èmi ni wọ́n bà wọ́n jẹ́ fún. Àwọn ọkùnrin méjì wá ń bá ara wọn ṣe ìgbéraga lórí wọn!"

Ìgbà kan ṣoṣo tó pariwo nínú ìtàn yìí nìyẹn, gbogbo ìsọ̀ aṣọ ló sì gbọ́ ọ. Ó gun ọkọ̀ Kambolé, ó fi ọmọkùnrin náà sílẹ̀ lórí ìdúró.

Jàríátù ló pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dì í lọ́wọ́ mú. "Má tíì bá a sọ̀rọ̀. Gbọ́ mi ná."

"Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Ó ní wọ́n ń bu. Ó ṣí àpótí, ó rí funfun lára ìwé wọn, òjò tọdún yìí ló fà á. Ẹ̀rù bà á. Ó ní àmánà ń bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó wá sá wọn bó ṣe ń sá iṣu. Òun fúnra ẹ̀ ló jókòó tì wọ́n, tó mú igi, tó ń lé ewúrẹ́. Ó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ yí wọn padà, kí ojú kejì náà lè gbẹ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ó ní ẹ wò ó, wọ́n ti ń gbẹ. Ó tún fi wọ́n sílẹ̀." Jàríátù nu ojú. "Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ pé òun ti bà wọ́n jẹ́, oúnjẹ ò gún régé lẹ́nu ẹ̀."

Ẹ̀yin tí inú ti bí rí, ẹ mọ bó ṣe rí. Ìbínú tó mọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ máa ń rí ọ̀nà gbà. Ti Sàdíátù dé àárín ọ̀nà, kò rí ibi tó máa gbà mọ́, kò sì tán. Ó ń wo bàbá ẹ̀ lọ́kàn pẹ̀lú igi lọ́wọ́ nínú oòrùn ọ̀sán, tó ń ṣọ́ ohun tó kórìíra kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́, ó wù ú kó sunkún, ó wù ú kó fọ́ nǹkan.

Yàhàyá wà nídìí àpótí, nínú abà. Ó ti gbìyànjú láti dá wọn padà sínú ìwé wọn, wọn ò wọlé. Obìnrin onígìtá wà lókè, ó ti rí ṣágiṣàgi.

"O dé," ó ní.

"Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ pè mí?"

"Ṣé èmi, tí mo ti ń sá iṣu láti kékeré, ni màá ránṣẹ́ lọ béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi bí wọ́n ṣe ń sá nǹkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ bá ti béèrè."

Yàhàyá ti àpótí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó wo ilẹ̀. "Mo búra. Mi ò gbàgbé. Mo mọ ohun tí o máa béèrè, mo ti mọ̀ ọ́n láti ìjẹta. Béèrè ẹ̀."

Orúkọ Àlíù ti wà lẹ́nu Sàdíátù. Wallahi, ó ti dé ètè ẹ̀. Ó kàn ní kó la ẹnu ni, gbogbo ohun tó ń tìtorí ẹ̀ sùn tó ń tìtorí ẹ̀ jí á di tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí àkísà tí Àlíù fi wé ọwọ́. Ó rí bàbá ẹ̀ náà, bó ṣe tẹ orí ba bí ẹni tó ń dúró de kí wọ́n nà án, ó sì mọ̀ pé òótọ́ lọmọkùnrin yẹn sọ, inú sì tún bí i pé òótọ́ ló sọ.

"Ẹ wá sí Sókódé," ó ní. "Ẹ jókòó nílé onífọ́tò, kí ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo béèrè nìyẹn."

Yàhàyá gbójú sókè. "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Ọmọkùnrin yẹn ńkọ́?"

"Mi ò ní fi ìbúra fa ọkọ yọ lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ fún mi, ẹ fún mi. Bí ẹ ò bá fẹ́, mo ti gbọ́."

Ó jáde. Gbogbo ọ̀nà padà sí Sókódé, ó ń bi ara ẹ̀ léèrè bóyá ọgbọ́n lòun gbọ́n tàbí òun ti fi ọwọ́ ara òun ta oríire òun nù.

Lẹ́yìn Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Yàhàyá dé. Ó wọ agbádá ọdún, ó gbé iṣu wá nínú àpò, ó gbé àpótí dísìkì náà dání, ó sì kí bàbá onífọ́tò bí àgbà ṣe ń kí àgbà. Wọ́n fún un ní àga níwájú aṣọ tí wọ́n ya òkun sí. Àlíù dọ̀bálẹ̀ kí i. Òun àti Sàdíátù ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti Tchamba. Àlíù mú obìnrin onígìtá, ó ti àfọ́kù igbá bọ inú ihò ẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e.

Ẹ gbà mí! Dísìkì náà ń gun òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, abẹ́rẹ́ ń bá a gun, ó ń bá a sọ̀. Gìtá tó máa ń ké wá ń kérora bí ẹni tí inú ń run. Ohùn obìnrin náà ń yọ́, ó ń sọnù, ó ń padà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Yàhàyá jókòó, ọwọ́ lórí eékún, ó gbọ́ ọ títí abẹ́rẹ́ fi dé àárín.

"Ṣé bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí?"

"Rárá, bàbá."

"Báwo ló ṣe rí?"

Sàdíátù ò tíì kọrin níwájú bàbá ẹ̀ rí. Ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu, ó kọ ọ́, ibi tí gìtá ti ń dìde àti ibi tí obìnrin náà ti ń bínú, láìní èdè, láìsí ọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ dópin. Ohùn ẹ̀ gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀, kò gbọ̀n mọ́ nígbà tó yá. Àlíù ti yíjú sí ògiri.

Yàhàyá mí kanlẹ̀. "Mo bà á jẹ́," ó ní. Kò tíì sọ ọ́ láti ọjọ́ náà. "Ohun tó dára ni, mo sì bà á jẹ́."

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Àlíù, kò kọjú sí bàbá ẹ̀. "Ìwọ. Ebè tí o kọ, mo lọ wò wọ́n láàárọ̀ àná. Wọn ò dára. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wó. Nígbà wo lẹ ń kó obì bọ̀ wá sí Kambolé?"

Àlíù tún dọ̀bálẹ̀. Bàbá onífọ́tò ló bá a dáhùn. Tàǹtí Hàwáù, tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ìbẹ̀rẹ̀, fi igbe ayọ̀ bọnu. Àlíù wo Sàdíátù, ó rọra yọ fọ́tò kékeré kan lápò, ìkẹrin náà, ó na ọwọ́ ẹ̀ sí i bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Sàdíátù wo ojú líle tó wà nínú ẹ̀. "Fi sápò," ó ní. "Tìẹ ni."

Nígbà tí wọ́n sin bàbá ẹ̀ dé ìdíkọ̀, Yàhàyá dúró. "Sàdíátù, ṣé inú ṣì ń bí ẹ?"

"Ó ṣì ń bí mi, bàbá."

"Kó máa bí ẹ lọ. Ó tọ́ sí mi."

Fọ́tò ìgbéyàwó wọn wà lára ògiri ilé wọn ní Sókódé títí dòní. Òkun àti ọ̀pẹ wà lẹ́yìn, ọkọ wà lápá ọ̀tún, ó ń rẹ́rìn-ín. Yàhàyá, tí kò jẹ́ kí wọ́n ya òun rí, jókòó láàárín, ó gbé dísìkì ṣágiṣàgi kan lé itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ìyàwó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ lé bàbá ẹ̀ léjìká.